Ebè tí Rèbékà Ń Bò ní Ìdí-Ayìn

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ fa àga yẹn sún mọ́ ògiri, oòrùn ò ní pẹ́ kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi pé ìjọ ń rán yín lọ sí ìgbèríko, pé ẹ wá gba àdúrà kẹ́ ẹ tó lọ. Àdúrà ò ṣòro, a ó gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú yín bi mí léèrè lẹ́nu ọ̀nà pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ò fìgbà kan rò ó pé kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀?" Ọmọ mi, mo rò ó. Mo rò ó débi pé mo ti di ẹrù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Bí mo bá yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ ní sùúrù, ẹ máa tẹ̀ lé mi. Arúgbó kì í rìn kó má dúró kí ará ilé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà.

Ìgbà tí a ṣì wà nínú ìpínlẹ̀ Kwara ni. Ohunkóhun tí a bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba, Ìlọrin la ti ń lọ gbà á. Ẹ ò lè mọ bí ayé ṣe rí létí ènìyàn nígbà náà. Nírọ̀lẹ́, odó iyán á bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ilé kan, ilé kejì á gbè é, kó tó pẹ́ gbogbo abúlé á ti gbà á. Bí odó ilé kan bá dún pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a mọ̀ pé àlejò ti wọ̀ sọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Lónìí, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gún un ní Kabba. Ó ń kùn bí oyin, ó sì ti parí kí o tó mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀. Iyán náà dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àlejò dé.

Tẹ́ ẹ bá sì gba ẹ̀yìnkùlé kọjá ní ọ̀sán, igi òfì ni ẹ ó gbọ́. Àwọn ìyá ń hunṣọ, wọ́n ń ti òwú mọ́ra, gbàgà, gbàgà, wọ́n sì ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti àgbàlá sí àgbàlá láìrí ojú ara wọn. Lójú ọ̀nà oko, "Okun o!" ni. O pàdé ènìyàn, okun. O bá a lẹ́nu iṣẹ́, okun. Ó fẹsẹ̀ kọ, okun. Ó bímọ, okun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó bo gbogbo ara bí aṣọ ìborùn. Àwọn ọmọ mìíràn nísinsìnyí, "háì" ni wọ́n ń kí mi. Mo máa ń dá wọn lóhùn, torí ọmọ tó kíni ló ṣe é.

Inú ìlú ni wọ́n bí mi sí ní Kabba. Bàbá mi ń ránṣọ ni, a ò ní oko kan dàbí alárà. Nígbà tí mo jáde ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọ́n rán mi lọ sí Ìdí-Ayìn, abúlé kan báyìí lẹ́yìn Iyara tí ọkọ̀ ò dé rárá. A bọ́ sílẹ̀ ní Iyara, èmi àti Rèbékà ìyàwó mi, a fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ó gbé ọpọ́n kan tí ẹrù wa kún inú rẹ̀ sórí, ó pọn Dáre àkọ́bí wa. Èmi ni mo gbé Bíbélì. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó yẹ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ẹ̀júkù ni Rèbékà, àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá rẹ̀. Èdè Ìyàgbà tirẹ̀ àti èdè Owé ti Kabba tèmi kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba, nígbà mìíràn a ó máa jà lórí ohun tí kò kan ìjà, kí á tó rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa méjèèjì ń sọ.

Ilé ìjọsìn tí a bá níbẹ̀, alámọ̀ ni, koríko ló bò ó lórí. Irin wíìlì ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ni agogo wa, a so ó mọ́ ẹ̀ka igi, a ń fi irin kékeré lù ú. Àwọn tó ń wá kò ju ìdílé Bàbá Ọbafẹ́mi lọ, àgbà àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ gba ìhìnrere ní abúlé náà, àti àwọn díẹ̀ tó ń wo ojú rẹ̀. Ìyá Abíọ́nà sì wà níbẹ̀, opó kan tí etí rẹ̀ ti di. Kì í gbọ́ ohun tí mò ń sọ, ṣùgbọ́n kì í pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ. Iwájú pátápátá ló máa ń jókòó, bó bá sì ti rí i pé mo mí díẹ̀, á ké "Àmín!"

Oko ni oníwàásù fi ń jẹun nígbà náà. Èmi tí n kò ju ọkọ́ rí ni mo dáko iṣu. Mo wá ilẹ̀ tó rọ̀, tó tutù, tó rọrùn láti kọ ebè sí. Ẹnikẹ́ni ò bá mi du ibẹ̀, mo sì rò pé mo gbọ́n ju gbogbo wọn lọ. Ojú àgbàrá ni. Òjò ńlá kan rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí mo máa fi dé oko, ebè ti tẹ́ pẹrẹsẹ, iṣu ń léfòó. Sùlè ni orúkọ ẹni tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà. Mùsùlùmí ni, ẹgbẹ́ mi ni, aláwàdà ènìyàn ni. Ó dúró lókè, ó fọwọ́ lérán, ó wò mí nínú omi títí.

Ó ní, "Oníwàásù, ṣé o fẹ́ ṣèrìbọmi fún iṣu ni?"

A rẹ́rìn-ín títí tí mo fi jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti ẹ̀ ti ń ṣe àáró, òní ní oko rẹ̀, ọ̀la ní oko mi. Bí àkókò ìrun rẹ̀ bá tó, á fi ọkọ́ sílẹ̀, á lọ sí ìdí igi, èmi á sì jókòó, n ó mumi. Bí mo bá ń ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, Sùlè á gbé iṣu wá sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ gbà á, ti Ọlọ́run náà ni." Bí ó bá sì pa ẹran Iléyá, ìpín wa kì í dín.

Ìkórè! Ẹ ò tíì rí ìkórè. Nísinsìnyí, àpò ìwé ni wọ́n ń gbé lọ síwájú. Nígbà náà, iṣu ni, ọkà bàbà ni, ẹ̀gúsí, kọfí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá gbẹ, adìyẹ tí a de lẹ́sẹ̀. Ilé Ọlọ́run á máa rùn bí àká. Lọ́dún kan, àkùkọ kan já okùn nígbà tí mò ń gbàdúrà ìdúpẹ́, ó fò sórí tábìlì tí Bíbélì wà, ó na ọrùn, ó kọ kẹ̀kẹ̀rẹ́-kẹ̀ẹ̀! Ìyá Abíọ́nà rí i tí ó la ẹnu, ó ké "Àmín!" Mo gbìyànjú kí n parí àdúrà yẹn, n kò lè parí ẹ̀.

Báyìí la ṣe wà, ọkàn wa balẹ̀, títí di ọdún tí òjò fi wá ṣe ẹlẹ́yà.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ dáadáa. Gbogbo ayé gbìn, a fi ewé bo ebè kí oòrùn má bàa se iṣu mọ́ inú ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀run mọ́, ó mọ́ gaara bí awo tí a fọ̀. Ilẹ̀ là. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fẹ́ lójoojúmọ́, ó ń gbá ewé kúrò lórí ebè. Bàbá Ọbafẹ́mi wá bá mi, ó ní, "Oníwàásù, pe gbogbo abúlé jọ, kí o gbàdúrà òjò, kí wọ́n lè mọ Ọlọ́run tí à ń sìn." Mo pè wọ́n. Àwọn tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí wá, àwọn tó ń mu ọtí bùrùkùtù gbé igbá sílẹ̀, wọ́n wá. Mo gbàdúrà títí ohùn mi fi há. Ẹ wò ó, ojú ọ̀run ṣú lóòótọ́! Àwọn obìnrin ń gbé ìkòkò síta. Mànàmáná kọ. Afẹ́fẹ́ kan dé, ó gbá òjò náà lọ lójú wa, ó lọ rọ̀ ọ́ sí ìlú Iyah-Gbede.

"Oníwàásù," ni ọ̀kan nínú àwọn onígbá wí, "àdúrà rẹ ṣìnà." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ọbafẹ́mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àga rẹ̀, ó lọ sílé. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò wá. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò wá. Àwọn tó ń wo ojú rẹ̀ kò wá. Mo lu irin wíìlì títí. Rèbékà ló jókòó, pẹ̀lú Dáre, pẹ̀lú Ìyá Abíọ́nà níwájú. Mo wàásù. Ó ké àmín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Àárín ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi dé láti Ìlọrin. Akọ̀wé ìjọba ni, ẹni tó mọyì mi ni. Ó wò mí, mo ti rù. Ó wo ilé ìjọsìn náà, ó yíjú padà sí mi. Ó ní, "Àbúrò, wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé ní ọ́fíìsì wa. Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni n ó padà wá mú yín. Ọlọ́run wà ní Ìlọrin náà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun." Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, ara mi fúyẹ́ ni. Ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, bí a bá sọ̀ ọ́ fún un, kì í bèèrè pé ta ló sọ̀ ọ́. Mo sọ fún Rèbékà. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó ní, "Ó dáa," ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo di ìwé mi, mo di aṣọ mi.

Kí ọjọ́ ọjà náà tó pé, mo gbé ọkọ́ ní òwúrọ̀ kan, mo ní kí n lọ hú ìwọ̀nba iṣu tó bá ṣì ṣe é mú nínú oko, kí n fún Sùlè. Nígbà tí mo dé oko, Rèbékà ti wà níbẹ̀. Dáre wà lẹ́yìn rẹ̀, ewé gbígbẹ kún apẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ń lọ láti ebè dé ebè, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ewé bò ó, ó ń fi erùpẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Mo ní, "Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń bo ebè."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí afẹ́fẹ́ ti ń ṣí i. Ó ń ṣí i, mò ń bò ó."

"Rèbékà, ohun tó wà níbẹ̀ ti jẹrà."

Ó nàró. Ó wò mí. "Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Òjò ò rọ̀! O fẹ́ kí n yẹ ohun tí ojú gbogbo ayé rí wò?"

"Mo mọ̀ pé òjò ò rọ̀. Èmi náà ń gbé abúlé yìí." Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Òjò kì í ṣe iṣẹ́ mi, Bàbá Dáre. Bàbá mi ò kọ́ mi ní òjò. Ebè bíbò ni wọ́n kọ́ mi."

Inú bí mi. Mo fẹ́ fi hàn án. Mo fi ọkọ́ ṣí ebè tó wà lẹ́sẹ̀ mi, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, mo fa iṣu náà jáde. Ó ti jẹrà lóòótọ́, ó rùn. Mo jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ṣí òmíràn. Ara rẹ̀ ti hunjọ bí ojú àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ó le, mo sì rí i lórí rẹ̀, èéhù kan funfun báláú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọ jòjòló. Mo ṣí òmíràn. Ó wà níbẹ̀. Ìkejì rẹ̀ ti kú. Èyí tó tẹ̀ lé e wà láàyè. Kì í ṣe gbogbo wọn, ẹ̀yin ọmọ. N kò sọ pé gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n iye tó wà láàyè pọ̀ ju ohun tí mo lérò lọ, wọ́n sì ti ń hù nínú òkùnkùn ilẹ̀ láti gbogbo ìgbà tí mo ti ń di ẹrù.

Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú iṣu yẹn lọ́wọ́. N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Rèbékà kò rẹ̀ mí lẹ́kún, kò sì wàásù fún mi.

Ó ní, "Dá a padà sílẹ̀ kíákíá. Oòrùn ń pa á."

Mo dá a padà. Mo gba apẹ̀rẹ̀ ewé lórí Rèbékà, àwa méjèèjì jọ bo ìyókù.

Òwe afúnrúgbìn tí Jésù pa, mo ti wàásù lé e lórí láìmọye ìgbà. Mo mọ apá tó kan ilẹ̀ olókùúta, mo mọ apá tó kan ẹ̀gún. N kò mọ̀ pé láàárín ọjọ́ tí a gbìn ín àti ọjọ́ tí a rí i, àárín yẹn gùn, àti pé nínú àárín yẹn, kò sí ohun tí ojú rí ju ebè lọ. Mo ti wo àga tó ṣófo nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti ka gbogbo ọkàn tó wà ní Ìdí-Ayìn mọ́ òkú. N kò ṣí ọ̀kan wò. N kò lọ sílé Bàbá Ọbafẹ́mi láti ọjọ́ tó ti gbé àga rẹ̀ lọ. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lọ. Lọ́jọ́ náà, mo ti oko gba ilé rẹ̀ lọ. Ó wà níwájú ilé, ó ń pọ́n ọkọ́. Mo ní okun. Ó ní okun. Mo jókòó tì í díẹ̀, mo dìde. Nǹkan kan ò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n mo tún lọ lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ ọjà pé, ẹ̀gbọ́n mi dé. Nígbà tí mo sọ fún un pé n kò lọ mọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta lò ń wàásù fún níbí? Ìyá kan tí kò gbọ́rọ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé kò gbọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń wá."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Ó bọ́ súwẹ́tà ọrùn rẹ̀, ó fi bo Dáre, ó lọ. Ó pẹ́ kó tó tún yà wá wò, ṣùgbọ́n nígbà tó wá, ó gbé àpò ìyọ̀ wá, a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Òjò rọ̀ nígbẹ̀yìn. Kò rọ̀ nítorí àdúrà tí mo gbà ní gbangba, ó kàn rọ̀ nígbà tó yá ni. Iṣu ọdún náà kéré, ṣùgbọ́n tiwa wà. Ti àwọn púpọ̀ kò wà rárá, wọn ò ní èbù tí wọ́n máa gbìn lọ́dún kejì. Rèbékà ṣa iṣu, ó gbé e lọ sílé Bàbá Ọbafẹ́mi, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ fi gbìn, Bàbá." Ó padà sílé.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Mò ń ka Bíbélì lọ nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí Bàbá Ọbafẹ́mi lẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò kọrin. Kò wo ojú mi. Ní alẹ́ mo sọ fún Rèbékà pé, "Ẹ̀rù ń bà mí pé torí iṣu ló ṣe wá."

Rèbékà ní, "Bó bá wá torí iṣu ńkọ́? Ṣé Jésù ò bọ́ èrò rí?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe padà wá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kì í ṣe bí omi tó ya. Ẹni kan níhìn-ín, ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ọ̀kan nínú àwọn onígbá, ẹni tó ní àdúrà mi ṣìnà, wá tẹ́tí sí wa lẹ́yìn ògiri fún ọdún kan gbáko kó tó wọlé. Àwọn mìíràn kò wá rí títí mo fi kúrò níbẹ̀. Bí pásítọ̀ àgbà bá ránṣẹ́ bèèrè iye wa, mo máa ń rántí ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń sọ, pé ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Mò ń sọ iye tó wà. Ó kéré, ó sì ń hù.

Torí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ yìí, afẹ́fẹ́ á ṣí ebè yín. Ẹ ó bò ó. Á tún ṣí i. Bí ó bá sú yín, ẹ lọ kí ará ilé kejì, ẹ jókòó tì í, ẹ padà sílé, ẹ sùn. Ẹ má ṣe máa hú iṣu lójoojúmọ́ láti wò ó bó ti hù. Ìyẹn gan-an ló ń pa á.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti Rèbékà lọ sí Ìdí-Ayìn. Ọ̀dà ti dé ọ̀nà ibẹ̀ báyìí, ọkọ̀ gbé wa dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá Ọbafẹ́mi ti lọ, Ìyá Abíọ́nà ti lọ, Sùlè ọ̀rẹ́ mi náà ti lọ, Ọlọ́run kẹ́ wọn. A ò ránṣẹ́ ṣíwájú. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó tóbi, ó kún, àwọn ọ̀dọ́ ń fi dùùrù kọrin tí n kò mọ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń mú èrò jókòó mú wa lọ sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wá. Nígbà tó yá, pásítọ̀ wọn, ọmọ kékeré bíi yín yìí, ní kí gbogbo ẹni tó ń wá fún ìgbà àkọ́kọ́ dìde.

Rèbékà fi ìgúnpá gún mi. "Dìde, àlejò." Ó ti ń fi gèlè bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa á.

A dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa, wọ́n kọ orin káàbọ̀. Ọmọdébìnrin kan, eyín iwájú rẹ̀ ti ká, wá bọ̀ mí lọ́wọ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, Bàbá."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀. Mo ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ṣọ́ọ̀ṣì yín dára."